Omi Inú Balùwẹ̀ Bàbá Májò

Ọkọ Ìyá Télọ̀ jẹ́ alágídí. N kò ní bò ó mọ́lẹ̀ fún yín, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò bò ó mọ́lẹ̀ rí. Ogójì ọdún ló ti ń lẹ táìlì sí balùwẹ̀ onílé, kò sì tíì sí ẹni tí ìyá rẹ̀ bí tó lè sọ fún un pé báyìí kọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Bàbá Májò, torí pé bó bá ti parí iṣẹ́ lára ògiri kan, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a pẹ́pẹ́, á ní, "Má jò o, mo bẹ̀ ọ́," bí ẹni ń kìlọ̀ fún ọmọ tó ń lọ sílé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ògiri náà á sì gbọ́. Tirẹ̀ ló kù tí kì í gbọ́ràn.

Ìyá Télọ̀, ìyàwó rẹ̀, aránṣọ ni. Yàrá ìránṣọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé, téèpù ìwọnṣọ sì wà lọ́rùn rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, débi pé ó ti gbé e wọ orí ibùsùn lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn o, kí ẹ má baà bínú sí i nígbà tí ẹ bá gbọ́ ohun tó ṣe.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, Bàbá Májò wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú balùwẹ̀ kan tí kò ní fèrèsé, láti àárọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Bó ṣe ní kí òun dìde báyìí, òòyì kọ́ ọ, ó sì ṣubú lu garawa. Ọkùnrin méjì ló dì í mú wálé, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ó sì ń bú àwọn méjèèjì bọ̀ lójú ọ̀nà pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Nígbà tí Ìyá Télọ̀ ṣílẹ̀kùn tó rí wọn, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà ní orúnkún Bàbá ti gbó, ojú ọ̀tún sì ti ń ṣú, kó má kúnlẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ o. Bàbá gba oògùn lọ́wọ́ dókítà, kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn wọn, obìnrin kan tó ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ yìí ló ti kọ́ṣẹ́, ọdún méjìlá sì rèé tí wọ́n ti jọ ń ṣe é. Òun ló kọ́kọ́ lanu.

"Bàbá, ẹ fi kíkúnlẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin ẹ máa wá jókòó lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ máa bú mi."

"Kí n jókòó lórí àga," ni Bàbá Májò wí, "bí ọba wo?"

"Bàbá wọn," Ìyá Télọ̀ dá sí i, "ọmọ yìí ń bẹ̀ yín ni. Èmi náà ń bẹ̀ yín. Ara kì í ṣe irin."

Inú bí i. Odindi ọjọ́ méjì ni kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ilé, àfi kó ní kí wọ́n gbé iyọ̀ sún mọ́ òun. Lọ́jọ́ kẹta ló pe àwọn méjèèjì jókòó.

"Ó dáa," ó ní. "Balùwẹ̀ ilé yìí ni màá fi dá yín lóhùn. Èmi nìkan ni màá tún un ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì mi, kí ẹnikẹ́ni má sì yọjú wò ó. Bí mo bá parí ògiri àti ilẹ̀, kí n tó lẹ táìlì kankan, màá dí ihò omi pa, màá da omi kún ilẹ̀, màá sì fàlà sára ògiri níbi tí omi dé. Bí omi bá ṣì wà lórí ilà ní ọjọ́ kejì, kí ẹ má sọ fún mi mọ́ láyé pé kí n sinmi. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ọjọ́ náà gan-an ni mo kó irinṣẹ́ mi fún ọmọ yìí."

Ṣé ẹ rí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀? Ó ti fi omi ṣe adájọ́. Ohun tó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gbóná ni pé ẹnì kan wà nígboro tó ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta, balùwẹ̀ méjìlá ló wà níbẹ̀, ó sì ń dúró de èsì Bàbá Májò. Balùwẹ̀ méjìlá! Ìyá Télọ̀ ṣírò ìkúnlẹ̀ tó wà nínú balùwẹ̀ méjìlá, ó sì ti àwo ọbẹ̀ tó ń jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Balùwẹ̀ tiwọn náà nílò àtúnṣe lóòótọ́. Ẹ gbọ́ ìtìjú: ọkùnrin tó ń sọ fún ògiri onílé pé kó má jò, tirẹ̀ ń jò. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà, gẹ́lẹ́ lókè yàrá ìránṣọ, ẹni tó sì kọ́ ilé náà fún ẹni tó tà á fún wọn ló lẹ táìlì ibẹ̀. Ó ti tó ogún ọdún tí Bàbá ti ń sọ pé, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ìyá Télọ̀ ti mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá ti ń wẹ̀ lókè, kí òun da ọ̀rá bo aṣọ oníbàárà.

Ọjọ́ mẹ́fà ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Ó kọ́kọ́ tú gbogbo táìlì àtijọ́ dànù. Lẹ́yìn náà ló wá ń fi ìdí òòlù kan ògiri, kó, kó, kó, á tẹ́tí, á tún kàn án. Ibi tó bá dún bí agolo òfìfo, sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ ti ya kúrò lára ògiri nìyẹn, á gbẹ́ ẹ dànù, á tún ibẹ̀ rẹ́. Ó dí gbogbo ibi tó sán. Ó tún ilẹ̀ rẹ́, ó jẹ́ kó lọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sọ́nà ihò tí omi ń gbà jáde. Ó gbá eruku, ó nù ún, ó tún nù ún, torí ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ ògiri tó ní eruku, eruku náà ló máa lẹ̀ mọ́. Ìyá Télọ̀ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí máṣíìnì rẹ̀. Ó mọ ìgbà tí ọkọ rẹ̀ bá fẹ́ dìde, torí orúnkún á ta kọ̀ọ́, ọkùnrin náà á sì fi eyín mí. Ní gbogbo ìgbà tó bá gbọ́ kọ̀ọ́ yẹn, abẹ́rẹ́ á dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, Bàbá Májò yọrí lórí àtẹ̀gùn.

"Ìyá wọn, bá mi gé aṣọ igun."

"Ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Búrọ́ọ̀ṣì ni mo wí. Sìsọ́ọ̀sì kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì."

Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni, tó dà bí aṣọ tí wọ́n fi ń wé egbò, tí wọ́n máa ń tẹ̀ sínú ọ̀dà rọ́bà, ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí omi wọ ògiri, ní gbogbo igun, níbi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀ àti ibi tí ògiri ti pàdé ògiri. Bàbá Májò máa ń sọ pé ògiri kì í jò, igun ló ń jò, igun àti ibi tí páìpù bá ti yọrí. Ìyá Télọ̀ gé e fún un, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ dọ́gba bí ẹni gé e pẹ̀lú ẹ̀rọ, ó ká a jọ, ó gbé e lọ fún un lókè. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ó rí ọkọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ó gbé iná náà sún mọ́ ògiri tó bẹ́ẹ̀ tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà, síbẹ̀ ìka ló fi ń wá ibi tí òun ti kùn àti ibi tí òun kò tíì kùn. Ìka, kì í ṣe ojú. Ìyá Télọ̀ gbé aṣọ náà sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì sunkún díẹ̀ sínú aṣọ tó ń rán, ó nu ojú, ó bá iṣẹ́ lọ.

Ìpele méjì ni ọ̀dà rọ́bà náà. Èyí àkọ́kọ́ lọ láti òkè sí ìsàlẹ̀; nígbà tó gbẹ tí kò lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, ó kun èkejì láti ọ̀tún sí òsì, kí ibi tí àkọ́kọ́ bá fò, kí èkejì bá a níbẹ̀. Àbíkẹ́yìn jókòó sórí àtẹ̀gùn nísàlẹ̀, ó ń jẹ bísíkíìtì, kò lè gòkè, ara sì ń ta á bí ẹni tí wọ́n ní kó má họra. "Bàbá, ẹ rántí ẹnu ihò omi o!" ló kígbe. Èsì tó gbà láti òkè kò ṣe é kọ sínú ìwé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọ̀dà ti gbẹ dáadáa, Bàbá Májò fi aṣọ àti rọ́bà dí ihò omi pa, ó mọ sìmẹ́ǹtì díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà kí omi má baà jáde, ó sì da omi sílẹ̀ títí ó fi jìn tó ìka mẹ́rin. Balùwẹ̀ náà kò tóbi, kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí márùn-ún lọ. Ó mú pẹ́ńsùlù, ó fa ilà tín-ín-rín sára ògiri níbi tí omi dé gẹ́lẹ́. Ó ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀la ni kí gbogbo wọn pàdé níbẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, kò fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ta ni yóò jí omi?

Ní ọjọ́ kejì, aago mẹ́jọ kò tíì lù tí Bàbá Májò ti wọ bàtà. Ó ní òun ń lọ gẹrun.

"Irun wo lẹ fẹ́ gẹ̀ láàárọ̀ kùtù yìí?" Ìyá Télọ̀ bi í.

"Kò yẹ kí ènìyàn gba ìdájọ́ rere pẹ̀lú orí wúruwùru," ó wí, ó sì jáde, inú rẹ̀ dùn, ó ń fi imú kọrin.

Ibí ni mo ti bẹ̀ yín pé kí ẹ má bínú. Ìyá Télọ̀ dúró láàárín yàrá, ó ń wo ilẹ̀kùn tí ọkọ rẹ̀ gbà jáde. Ó mọ̀ bí iṣẹ́ ọkọ òun ṣe máa ń rí. Omi náà yóò dúró, kò sí àní-àní. Omi yóò dúró, ọkùnrin yìí yóò lọ kúnlẹ̀ sínú balùwẹ̀ méjìlá, lọ́jọ́ kan wọn yóò sì tún dì í mú wálé lápá ọ̀tún lápá òsì, tàbí kí wọ́n gbé e wá ní ìdùbúlẹ̀. Ó mú báàkẹ́tì pupa. Ó gòkè. Ó bu báàkẹ́tì kan, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó bu ìkejì. Ó bu ìkẹta. Nítorí pé kì í fi omi ṣòfò, ẹ̀yìnkùlé ló lọ dà á sí, sínú ike ńlá tó ń fọṣọ sí, èyí tó ti fọ̀ tó dojú rẹ̀ délẹ̀ láti àná. Kò wo ilà tó wà lára ògiri náà rárá. Ta ló ń jí nǹkan ẹni tó tún ń wo ojú ẹni náà? Ó ti ilẹ̀kùn, ó nu àtẹ̀gùn, ó padà sídìí máṣíìnì, ó sì rán apá ọ̀tún bùbá kan mọ́ ọrùn rẹ̀. Ó ní láti tú u.

Aago mẹ́wàá, Bàbá Májò dé, orí rẹ̀ ń dán. Àbíkẹ́yìn náà dé. Àwọn mẹ́ta gòkè. Bàbá ṣílẹ̀kùn bí ẹni ń ṣí aṣọ lójú ohun tó fẹ́ fi yangàn, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé iná sún mọ́ ògiri.

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó fi ìka kan ilà, ó wá fi ìka náà sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi kan omi. Ó ju ìbú ìka kan lọ dáadáa.

"Atẹ́gùn lè mu díẹ̀ níbẹ̀," Àbíkẹ́yìn wí.

"Atẹ́gùn wo?" Ohùn rẹ̀ kò le. Ìyẹn ló kọ́kọ́ ba Ìyá Télọ̀ lẹ́rù. Ó ti múra sílẹ̀ de ariwo. "Atẹ́gùn kì í mu tó báyìí. Ó ti jò."

Ó jókòó lórí garawa tó dojú délẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló béèrè fún ìwé àti pẹ́ńsùlù.

"Kí lẹ fẹ́ kọ, Bàbá?"

"Àwọn tí a ṣiṣẹ́ fún láti ọdún tó kọjá. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé. Ọ̀gá tó ń ta ìwé. Àwọn tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ yẹn, àwọn wo tún ni? Ràn mí lọ́wọ́. Mo sọ fún gbogbo wọn pé kò lè jò. Màá lọ bá wọn nílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Màá ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n wo àjà ìsàlẹ̀ wọn."

"Bàbá, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ẹ má ṣe ara yín báyìí."

"Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi ti bàjẹ́," Bàbá Májò wí. "Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ì bá jẹ́ pé mo mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀."

Ó dìde, ó ká ṣòkòtò sókè, ó mú irin pẹlẹbẹ tó fi ń ha nǹkan, ó wọ inú omi náà lọ, ó kúnlẹ̀ sínú rẹ̀. Ó ní bí iṣẹ́ bá ti bàjẹ́, ẹni tó ṣe é ló gbọ́dọ̀ tú u. Ó gbé irin sí igun, ó tì í. Ọ̀dà rọ́bà bó, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí Ìyá Télọ̀ gé sì tẹ̀ lé e jáde bí ìfun.

"Ẹ dúró!" Ìyá Télọ̀ pariwo. "Bàbá wọn, ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́! Èmi ni. Èmi ni mo bu omi yẹn."

Gbogbo wọn yíjú sí i. Àbíkẹ́yìn fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mo bù ú nígbà tí ẹ lọ gẹrun. Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ ṣe balùwẹ̀ méjìlá yẹn. Ẹ máa kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ọjọ́ tí wọ́n dì yín mú wálé, mo rí i pé lọ́jọ́ mìíràn, òkú ni wọ́n máa gbé wá. Mo mọ̀ pé kò dáa. Ẹ bú mi, ẹ ṣe bí ẹ bá ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ha ògiri yẹn, ògiri yẹn kò ṣe nǹkan kan!"

Bàbá Májò kò dìde kúrò lórí ìkúnlẹ̀. Ó ń wò ó. Nígbà tó máa lanu, ẹ gbọ́ ohun tó wí:

"Báàkẹ́tì mélòó?"

"Mẹ́ta."

"Pupa àbí funfun?"

"Pupa."

"Ó kún dẹ́nu?"

"Ó ku díẹ̀ kó kún. Ibi tí mo máa ń bu omi dé náà ni."

"Níbo ni omi náà wà?"

"Nínú ike ẹ̀yìnkùlé. Òun nìkan ló wà níbẹ̀."

Bàbá Májò bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó fi ọwọ́ di ògiri mú. "Mo mọ̀! Mo ní mo mọ̀! Igun tèmi kì í jò! Olè ló wà nílé, kì í ṣe ihò! Àbíkẹ́yìn, sáré lọ gbé omi mi wá, gbogbo rẹ̀, má jẹ́ kí ẹ̀kán kan dànù!" Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti bínú. Àní ó fi ọwọ́ ta omi sí ìyàwó rẹ̀ lára, bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Ìyá Télọ̀ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú pẹ̀lú téèpù ọrùn rẹ̀. Ó rò pé òun ti bọ́.

Àbíkẹ́yìn gbé báàkẹ́tì àkọ́kọ́ dé, ó dà á. Omi gòkè. Ó gbé ìkejì dé. Omi tún gòkè. Ó gbé ìkẹta dé, ó rọra dà á, àwọn mẹ́ta sì bẹ̀rẹ̀ láti wo ògiri. Omi náà gòkè, gòkè, ó sì dúró. Kò dé ilà. Ó kù tó ìdajì ìbú ìka kan.

"Ó kù nínú ike?" Bàbá Májò bi í.

"Ó ti tán, Bàbá," Àbíkẹ́yìn wí. Ilẹ̀ ló ń wò.

Nígbà náà ló yé Ìyá Télọ̀. Omi náà ti sọ̀ kí òun tó débẹ̀. Ká ní ó ti wo ilà náà láàárọ̀ ni, kì bá tí fọwọ́ kan báàkẹ́tì, kì bá tí purọ́, ohun tó ń fẹ́ ti wà nílẹ̀ níbẹ̀ ní ọ̀fẹ́. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò mọ ibi tí yóò lọ.

"Mẹ́rin ni," Ìyá Télọ̀ wí.

"Kí ni?"

"Báàkẹ́tì mẹ́rin ni mo bù. Ẹ̀rù ló ń bà mí tí mo fi ní mẹ́ta. Ọ̀kan yòókù, mo ti fi nu ilẹ̀. Ẹ dúró, mò ń bọ̀."

Ó gba báàkẹ́tì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ó ń sáré lórí àtẹ̀gùn. Lókè, Bàbá Májò àti Àbíkẹ́yìn gbọ́ tí ẹnu ẹ̀rọ omi ìsàlẹ̀ ń ya ṣọ̀ọ̀ sínú báàkẹ́tì. Ó gòkè padà, ó ń mí hẹlẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi náà díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára ilà. Bí omi ṣe kan ilà gẹ́lẹ́, ó dá ọwọ́ dúró.

"Ẹ rí i? Ó pé. Ó pé pérépéré. Bàbá wọn, iṣẹ́ yín dáa."

Bàbá Májò wo ilà. Ó wo inú báàkẹ́tì, níbi tí omi ṣì kù sí. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ó na ọwọ́ kan sí i, ó na ìkejì sí ọmọ rẹ̀, wọ́n fà á dìde láti inú omi.

"Àbíkẹ́yìn," ó ní, "gbọ́n omi yìí dànù. Gba iná lọ́wọ́ mi. Wá bá mi wò ó."

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Àbíkẹ́yìn fi rí i. Ní ẹnu ihò omi ni, lábẹ́ ètè páìpù, níbi tí ọ̀dà kò dé: ihò kan tí kò ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ. Omi ti ń bá ara páìpù rìn lọ sínú ògiri, kò tíì kán sísàlẹ̀. Bàbá Májò ní kó fi ìka òun síbẹ̀. Àbíkẹ́yìn di ìka náà mú, ó gbé e lé e.

"Mo fọwọ́ kàn án," ó ní. "Mi ò rí i." Lẹ́yìn náà ló béèrè, láìyíjú sí ọmọ rẹ̀, "Nọ́ọ̀sì yẹn ńkọ́? Àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ?"

"Tiwọn kò jò, Bàbá. Mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn yín. Tí mo bá rí ibi tó kù, mo máa ń kùn ún nígbà tí ẹ bá lọ jẹun."

"Ọdún mélòó?"

"Ọdún mẹ́ta."

"Ẹ̀yin obìnrin ilé yìí!" Bàbá Májò wí, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ tó kún fún ọ̀dà gbá a pẹ́pẹ́ lẹ́yìn, bó ṣe máa ń gbá ògiri tó bá dá a lójú. Ó tẹ fóònù, ó pe oníbalùwẹ̀ méjìlá. Ó ní ọmọ òun obìnrin ni yóò ṣe é, kò sì sí ẹlòmíràn nígboro yìí tó lè ṣe é bíi tirẹ̀. Ó ní òun yóò máa wá, òun yóò máa jókòó lórí àga.

Àbíkẹ́yìn ń po ọ̀dà lókè. Tọkọtaya náà jókòó sórí àtẹ̀gùn, ṣòkòtò ọkùnrin náà rin gbingbin, ó ń kán sílẹ̀ tó tó. Ìyá Télọ̀ ti gbé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ sórí itan ara rẹ̀, ó ń fi ọ̀rá ìpara ra orúnkún fún un.

"Ìyá wọn."

"Hùn."

"Ẹ̀ẹ̀mejì lo purọ́ fún mi láàárọ̀ yìí."

"Mo mọ̀. Ẹ dárí jì mí."

"Èwo ló ṣòro jù?"

Ìyá Télọ̀ rò ó. "Ti àkọ́kọ́ ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo rán apá bùbá oníbàárà mọ́ ọrùn. Ìkejì kò ṣòro rárá. Mi ò tíì mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́ tó fi jáde lẹ́nu mi."

"Ká ní mo gbà ọ́ gbọ́ ńkọ́? Ká ní mo lẹ táìlì lé e bẹ́ẹ̀? Orí máṣíìnì rẹ ni yóò máa kán sí."

"Mo ti rò ó nígbà tí mò ń pọn omi," Ìyá Télọ̀ wí. "Màá sún máṣíìnì."

Bàbá Májò gbé ojú sí apá kan, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Lókè, Àbíkẹ́yìn pè é pé òun ti kun ẹnu ihò náà àti igun tí Bàbá ha tán, ṣé kò ní wá wò ó. Ó di irin àtẹ̀gùn mú bí ẹni fẹ́ dìde. Ó tún fi í sílẹ̀.

"Ṣé ìwọ ti wò ó?" ó ké sókè.

"Mo ti wò ó, Bàbá."

"Ó ti tó nìyẹn," ó wí, ó sì na orúnkún kejì sí ìyàwó rẹ̀.